Láti London dé Èkó nínú kámpà: bí a ṣe ń tún bọ́ọ̀sì ṣe fún ọ̀nà jíjìn àti ojú ọ̀nà tí kò lọ́dà

Ní 2022, Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti London dé Èkó. Ní 2024, Pelumi Nubi wa Peugeot 107 kékeré gba orí ilẹ̀ wálé, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kẹrin. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn wa ní ìlú ọba tó ní kámpà, ìyẹn bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kan ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sí nínú, ti ń béèrè bóyá tiwọn náà lè dé ilé. Ó lè dé ilé. Ṣùgbọ́n kámpà tó ń lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Wales, tó ń sùn níbi tí omi ẹ̀rọ àti iná ìjọba wà, kò tíì ṣe tán fún ọ̀nà tí ilé epo kan ti jìnnà sí èkejì.

Mercedes Sprinter tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2018 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn mẹkáníìkì Mòrókò àti ti Gánà mọ̀ ọ́n dunjú, nítorí ìran Sprinter ni wọ́n fi ń kó èrò níbẹ̀. Bí Transit tàbí Volkswagen Transporter ni tiyín, ìlànà kan náà ni; nọ́ńbà ló máa yí padà.

Ibi tí ọ̀nà ti máa dán ọkọ̀ wò

Ọ̀dà ló wà ní apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà yìí. Láti Tangier ní àríwá Mòrókò títí dé Guerguerat ní ààlà gúúsù, títì ọlọ́dà ni. Ààlà tó wà láàárín Guerguerat àti Mauritania ni òkúta àti yanrìn ti lè kọ́kọ́ kí awakọ̀ káàbọ̀. Láti Nouadhibou sí Nouakchott jẹ́ nǹkan bíi 470 kìlómítà, ọ̀dà ni, àmọ́ atẹ́gùn máa ń gbá yanrìn bo ojú títì. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà ààlà Rosso yóò gba Diama wọ Senegal láti Mauritania. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni Diama, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, Gínì apá igbó, Làìbéríà àti ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire ni ilẹ̀ pupa wà. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ fi ìrìn yín sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ yà sí Chinguetti, ìlú àtijọ́ tó kún fún ìwé àfọwọ́kọ nínú aṣálẹ̀ Mauritania, yóò bá yanrìn gidi pàdé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń lépa. Kí ọkọ̀ lè rin 500 kìlómítà lórí ọ̀nà burúkú láìra epo. Kí èèyàn méjì lè lo ọjọ́ mẹ́rin láìwá omi. Kí ẹ lè fa ara yín yọ bí ẹ bá rì. Ohun tí kò bá ran ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iná ńláńlá àti irin ìwájú. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìwúwo ló ń sọ ọkọ̀ di ẹrù nínú yanrìn, òun ló ń ṣẹ́ sípíríǹgì, òun ló ń mu epo. Peugeot tí Pelumi wà kò pé kìlò 900, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kọjá.

Ẹ wá pátákó irin kékeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kàn mọ́ ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tàbí lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: àpapọ̀ ìwúwo tí ọkọ̀ lè gbé, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó bá ń wọ́, ìwúwo tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbà, àti ti ẹ̀yìn. Sprinter tí à ń sọ yìí sábà máa ń jẹ́ kìlò 3,500 lápapọ̀. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán ní ìlú ọba láti 1997 kò gbọ́dọ̀ wa èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ààlà òfin ni, ó sì tún jẹ́ ààlà irin.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kí táǹkì epo kún, kí omi kún, kí gbogbo ẹrù àti gbogbo ẹni tó ń rìn wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹ wọn ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò nìyí, kí ẹ fi tiyín rọ́pò: bọ́ọ̀sì òfìfo kìlò 2,100; pákó, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù 350; bátìrì àti sólà 70; omi 100; epo àfikún 50; táyà ìpamọ́ méjì 60; irin ààbò abẹ́ ọkọ̀ 45; èèyàn méjì 160; oúnjẹ, aṣọ àti irinṣẹ́ 250. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,185. Ó ku 315 péré, a ò sì tíì ra àgọ́ orí òrùlé tàbí ẹ̀rọ ìwọ́kọ̀.

Bí tiyín bá ti kọjá ààlà, ẹ yọ nǹkan kúrò. Pákó nípọn tí wọ́n fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń jẹ̀bi jù. Pílíwúùdù fẹ́lẹ́ lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Gbogbo ohun tó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹrù orí òrùlé máa ń mú kí ọkọ̀ fì nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá jìn sí kòtò. Kìlò 50 ni mo máa ń gbà láyè níbẹ̀, pẹ̀lú sólà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ́ńjìnnì àti èéfín rẹ̀

Ẹni tó ń gbé London mọ ìdààmú yìí dáadáa. Láti 29 oṣù kẹjọ 2023 ni òfin èéfín ti ká gbogbo àdúgbò London. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá jẹ́ Euro 6 (Euro ni ìpele tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń wọn bí èéfín ọkọ̀ ṣe mọ́ tó) ń san £12.50 lójúmọ́. Nítorí èyí ni àwọn èèyàn ṣe ń ra Euro 6. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Euro 6 ni dísẹ́ẹ̀lì tí kò mọ́ ń yọ lẹ́nu jù. Dísẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 10 sọ́fọ̀ nínú mílíọ̀nù kan, àmọ́ èyí tí ẹ ó rà lẹ́bàá ọ̀nà nínú igbó Gínì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Sọ́fọ̀ yìí ló ń dí fílítà èéfín tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì, tí ẹ kò sì gbé ní London, mo rọ̀ yín kí ẹ wá Euro 4 tàbí Euro 5 tí kò dípẹtà. Bí Euro 6 ló wà nílé, ẹ má ṣe yọ fílítà èéfín rẹ̀: láti 2014 ni MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ní ìlú ọba, ti ń já ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ tirẹ̀. Ẹ kàn rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fi rọra rìn nínú igbó, ẹ sá eré dáadáa lórí ọ̀dà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó lè jó ẹ̀gbin inú rẹ̀ dànù. Ẹ gbé AdBlue, omi tí Euro 6 fi ń fọ èéfín rẹ̀, lítà 20 dání. Bí ó bá tán, ọkọ̀ yóò ka kìlómítà sílẹ̀ fún yín, lẹ́yìn náà kò ní gbà kí ẹ tún un dá. Ẹ má gbé e sójú oòrùn, nítorí ooru máa ń bà á jẹ́.

Lórí ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ fi fílítà kejì tó ń ya omi kúrò lára dísẹ́ẹ̀lì kún un, irú èyí tó ní ife títàn nísàlẹ̀, tí ẹ lè rí omi nínú rẹ̀ kí ẹ sì tú u dànù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan sí ti ínjẹ́ktọ̀ mẹ́rin tí omi bá bà jẹ́. Fílítà afẹ́fẹ́ náà, ẹ gbé méjì dání. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eré. Ọ̀pá tó ń mu afẹ́fẹ́ láti òkè, lẹ́bàá òrùlé, wúlò fún eruku ju bó ṣe wúlò fún odò lọ, torí ọkọ̀ iwájú ń da eruku sí ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Bí ẹ bá ń nu fílítà, láti inú síta ni kí ẹ fẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: táyà

Bí owó yín bá tó ohun kan ṣoṣo, táyà ni kí ẹ rà. Táyà bọ́ọ̀sì ìlú ọba, òjò àti títì dídán ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, òkúta mímú sì lè là á láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí à ń wá ni táyà ọ̀nà gbogbo, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ sì ní gìgísẹ̀. Ẹ fi táyà ẹrẹ̀ paraku sílẹ̀: ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí ọ̀dà, nínú yanrìn sì rèé, gbígbẹ́ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń rì.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù tó wà lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá lè gbé kìlò 2,250, táyà kan gbọ́dọ̀ lè gbé 1,125 ó kéré tán. Nọ́ńbà 115 dúró fún kìlò 1,215, ìyẹn dára. 120 dúró fún 1,400, ìyẹn fini lọ́kàn balẹ̀.

Ìwọ̀n táyà Sprinter láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ 235/65R16C, gíga rẹ̀ tó mìlímítà 712. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e lọ sí 245/75R16, tó tó 774. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 62, ìdajì rẹ̀, mìlímítà 31, ló ń gbé irin abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè kúrò nílẹ̀. Sípíríǹgì kò lè ṣe èyí. Ara ọkọ̀ nìkan ni sípíríǹgì ń gbé ga, irin ẹ̀yìn á ṣì wà níbi tó wà. Àmọ́ ẹ mọ ohun tó ń bá a rìn: bí aago ìyára bá ń ka 100, eré 109 lẹ ń sá ní tòótọ́, gíà kìíní yóò sì ga, kílọ́ọ̀ṣì yóò jìyà lórí òkè.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán an wò bóyá yóò há. Ẹ gun ẹsẹ̀ iwájú kan sórí pákó tí ẹ tò jọ títí sípíríǹgì yóò fi wọlé tán, kí ẹ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò táyà. Ike inú ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ há, wọ́n sì lè gé e.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ni ìdajì iṣẹ́ náà. Lórí ọ̀dà, pẹ̀lú ẹrù, ẹ tẹ̀lé ohun tó wà lára ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní PSI 51 níwájú, 61 lẹ́yìn. Lórí ilẹ̀ pupa tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sí 41 àti 48. Nínú yanrìn rírọ̀, 26 níwájú, 32 lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti rì, ẹ lè dé 22, kí ẹ jáde, kí ẹ sì tún un fún lójú ẹsẹ̀.

Ẹ lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ní 61, ibi tó fi kan yanrìn kúrú, etí rẹ̀ sì duro ṣánṣán. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde, ẹ ó rí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ tó ń wú díẹ̀díẹ̀, ojú tó fi jókòó sílẹ̀ yóò sì máa gùn síwájú àti sẹ́yìn. Gígùn yìí ló ń gbé ọkọ̀ lójú yanrìn. Fífẹ̀ tó fẹ̀ kò tó nǹkan. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má kọjá 30 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ má sì yí sítíárìn lójijì, kí táyà má bàa bọ́ lára ríìmù.

Nítorí èyí, pọ́ǹpù tó lágbára pọn dandan, èyí tí wáyà rẹ̀ ń kan orí bátìrì tààrà. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń tì bọ ihò ìtanná sìgá yóò jóná kó tó fún táyà Sprinter mẹ́rin. Ẹ mú táyà ìpamọ́ méjì tó wà lórí ríìmù, kí ìwọ̀n wọn bá mẹ́rin tó kù mu, pẹ̀lú irinṣẹ́ ìdíhò táyà. Fọkanáísà kò wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ ó lè má sí nítòsí ibi tí táyà bá ti jò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kù àti abẹ́ ọkọ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ìwúwo gan-an ni kí ẹ ra sípíríǹgì, torí orí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa gbé e lé. Lífù ẹ̀yìn (sípíríǹgì irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí ewé) tó ti rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ tàbí kí ẹ fi ewé kan kún. Báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tì sáàárín rọrùn, àmọ́ bí ó bá bẹ́ sínú aṣálẹ̀, kò sí wẹ́dà tó lè jó o pọ̀. Lífù irin nìkan ni wẹ́dà lè bá yín ṣe. Gbígbé ọkọ̀ sókè mìlímítà 30 sí 50 ti tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò dagun, jọ́ìńtì rẹ̀ kò sì ní pẹ́ kú.

Owó ṣọ́ọ̀kù ni kí ẹ má ṣe ahun sí. Àwọn ọ̀nà kan wà tí ojú wọn rí wúruwùru bí páànù òrùlé; níbẹ̀ ni ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kù ti ń gbóná títí yóò fi sọ agbára nù. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ooru rẹ̀ bá ń lé ọwọ́ padà, ẹ sinmi.

Lábẹ́ ọkọ̀, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí alumíníọ̀mù mìlímítà 6 bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, kí ó ní ihò tí wọ́n lè gbà tú ọ́ìlì láìtú gbogbo rẹ̀. Ẹ bo táǹkì epo náà. Ọ̀pá ìmí kékeré tó wà lórí irin ẹ̀yìn, ẹ fi ọ̀pá rọ́bà gbé ẹnu rẹ̀ ga dé ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn. Bí irin tó gbóná bá kó sínú odò, ó máa ń fa omi mu láti ibẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, owó rẹ̀ kò sì tó ti oúnjẹ ọ̀sán.

Ṣé dandan ni kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí? Rárá. Sprinter 4x4 dára, pàápàá èyí tó ní gíà kékeré, àmọ́ ó wọ́n, ó wúwo, ó sì ń mu epo. Fún ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ lókè, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo yan ẹlẹ́sẹ̀-méjì tó ní lọ́ọ̀kì lẹ́yìn, tó ń mú kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì yí pọ̀, ju ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́rin tí owó rẹ̀ kò jẹ́ kí a ra táyà gidi lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: epo

Táǹkì lítà 75 ló wà lára ọ̀pọ̀ Sprinter yìí. Pẹ̀lú ẹrù, lórí ọ̀dà, ẹ fi lítà 11 sí 100 kìlómítà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 680. Nínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀, lítà 16 kò ṣàjèjì, táǹkì kan náà yóò sì dáwọ́ dúró ní 470. Mo máa ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún ìṣìnà àti ìpadàsẹ́yìn. Ó wá ku 375, kò tó ohun tí à ń lépa.

Kẹ́ẹ̀gì irin lítà 20 méjì yanjú rẹ̀: lítà 115 lápapọ̀, tó ń fún wa ní nǹkan bíi 575 lórí ọ̀nà burúkú lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti ìpamọ́. Ìta ni kí ó wà, lórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kì í ṣe níbi tí ẹ ń sùn. Ẹ kún un kìkì nígbà tí ọ̀nà jíjìn bá wà níwájú. Ní Mòrókò, òfìfo ni kó wà, kí ẹ má bàa gbé kìlò 34 lásán. Táǹkì ńlá tí wọ́n ń pààrọ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ wà, ó sì dára fún ẹni tó máa ń rìn báyìí lọ́dọọdún.

Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, epo inú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pè ní kpayo ní Benin, bẹntiróòlù ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da á sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: omi

Lítà 20 lójúmọ́ fún èèyàn méjì: ìdajì fún mímu nínú ooru, ìdajì fún oúnjẹ àti ìwẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, lítà 80. Ẹ pín in: táǹkì lítà 40 nísàlẹ̀ láàárín ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 méjì lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá jò tàbí tí omi rẹ̀ bà jẹ́, èkejì wà. Fílítà tó dára ń mú kòkòrò àrùn inú omi, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í mú fáírọ́ọ̀sì; nítorí náà ẹ se omi mímu títí yóò fi hó gùdùgùdù fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ lo oògùn omi lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: iná mànàmáná

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ ń lò. Fìríìjì kékeré onífólítì 12 lè gba wátì-wákàtí 600 lójúmọ́ nínú ooru Senegal, ó pọ̀ ju ohun tó ń gbà ní ìlú ọba. Fáànù, gílóòbù àti fóònù, 250. Pọ́ǹpù omi, 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 870.

Bátìrì lítíọ̀mù kan tó jẹ́ 100Ah ní wátì-wákàtí 1,280 nínú, ẹ sì lè lo nǹkan bíi 1,150. Bátìrì olómi àtijọ́ tó jẹ́ 100Ah kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ó sì wúwo ju méjì lítíọ̀mù lọ. Sólà wátì 200, pẹ̀lú oòrùn wákàtí márùn-ún, kí ẹ yọ ìdá 30 fún eruku àti ooru, yóò mú 700 wá. Ó ku 170. Chájà tó ń gba iná láti ara ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ 30A, ń fúnni ní bíi 390 ní wákàtí kan, nítorí náà ìdajì wákàtí ìwakọ̀ ti dí i. Àwọn Sprinter kan àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní alitanétọ̀ ọlọ́gbọ́n tó ń dín iná kù nígbà tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí okùn wáyà tààrà láti bátìrì kan sí èkejì kò fi tó mọ́.

Bátìrì lítíọ̀mù kò fẹ́ kí wọ́n fún òun ní iná nígbà tí òtútù bá wà lábẹ́ 0°C, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ooru. Inú ọkọ̀ ni kó wà, jìnnà sí ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu sólà láràárọ̀. Eruku fẹ́lẹ́ tí ojú kò fẹ́ẹ̀ rí ń jẹ iná.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù ni wáyà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tẹ̀lé wáyà pupa láti bátìrì kan dé èkejì. Ibi tó bá ti gba etí irin kọjá, ẹ wò ó dáadáa. Ojú ọ̀nà wúruwùru yóò máa mi wáyà yẹn mọ́ etí irin náà lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, rọ́bà rẹ̀ yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, títí bàbà pípọ́n yóò fi yọ, tí yóò sì kan ara ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń sọ. Nítorí náà, gbogbo ihò tí wáyà gbà kọjá gbọ́dọ̀ ní òrùka rọ́bà, gbogbo wáyà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá ike, kí a dì í mú ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí 30. Fíúsì ńlá gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bátìrì méjèèjì. Fíúsì tó wà ní àárín wáyà kò dáàbò bo ìdajì tó ti kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: sísè

Sílíńdà gáàsì ìlú ọba kò ní rí ẹni tí yóò bá yín kún un nígbà tí ẹ bá ti kọjá Yúróòpù. Ní Mòrókò, ẹ ra sílíńdà kékeré ti ibẹ̀, èyí tí ojú iná ń jókòó lé lórí, bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà. Ìta ni kí ẹ ti máa dá iná rẹ̀. Bí sítóòfù gáàsì bá wà nínú ọkọ̀, kí ihò wà ní ilẹ̀pákó rẹ̀, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Kí ẹ̀rọ tó ń kígbe nígbà tí èéfín olóró bá wà sì wà lókè ibùsùn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí ọkọ̀ bá rì

Ẹ gbé ṣọ́bìrì gígùn méjì, pákó ike ìfàyọ méjì, okùn tó ń fà tó sì ń ká padà, àti pákó igi pẹlẹbẹ tí ẹ ó gbé jáàkì lé kó má bàa wọlẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ́kọ̀ iwájú kò wúlò nínú aṣálẹ̀ tí kò ní igi tí a lè so ó mọ́, ó sì wúwo.

Bí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ ń lọ́ra nínú yanrìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dálì eré kí táyà tó gbẹ́ kòtò. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà, ẹ gbẹ́ yanrìn iwájú táyà kọ̀ọ̀kan àti èyí tó gbé abẹ́ ọkọ̀ dúró, ẹ ti pákó sábẹ́ táyà tó ń yí, kí ẹ wá rọra gbéra pẹ̀lú gíà kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ àti ṣọ́bìrì ti ṣe é tán kí pákó tó kàn.

Bí ọkọ̀ mìíràn bá fẹ́ fà yín, ibi ìfàyọ gidi tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin egungun abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ so okùn mọ́. Ẹ má ṣe so ó mọ́ orí irin róbótó tí wọ́n fi ń wọ́ tírélà láé. Irin yẹn lè já, yóò sì fò bí ọta. Ó ti pa èèyàn. Ẹ ju aṣọ wúwo tàbí àpò yanrìn sí àárín okùn, kí gbogbo ẹni tó ń wòran sún sẹ́yìn ju gígùn okùn lọ, àwọn ọmọdé ìletò pàápàá, torí wọ́n á ti yí yín ká.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ohun èlò ìpamọ́ àti ìdánwò

Fáànù bẹ́ẹ̀tì, fílítà epo mẹ́ta, fílítà ọ́ìlì, bùréèkì páàdì, gílóòbù, fíúsì oríṣiríṣi, ọ̀pá rọ́bà ràdíétọ̀, ọ́ìlì lítà márùn-ún, wáyà ìso, àti téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ohun tó kù, ẹ ó rí i lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ti dé Èkó, ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin kò ní jẹ́ kí ẹ wá ẹ̀yà Mercedes tì. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò nípa gbogbo ohun tí ẹ yí padà lára ọkọ̀, torí wọ́n lè fi ìyẹn kọ̀ láti sanwó.

Oṣù méjì ṣáájú ìrìn, ẹ di gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀, kí ẹ sì lo ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀ láìra omi, láìso mọ́ iná ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀nà erùpẹ̀ tí òfin gbà kí ọkọ̀ gbà ní Salisbury Plain dára fún èyí. Ẹ tú táyà sí 41 àti 48, ẹ fún un padà, kí ẹ mọ ìṣẹ́jú tó gbà yín. Ẹ yọ táyà ẹ̀yìn kan, kí ẹ tún un dè, ẹni méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè ní ibà lọ́jọ́ tí táyà bá jò.

Lẹ́yìn ìdánwò náà, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀: ti sípíríǹgì, ti ṣọ́ọ̀kù, ti irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti ibi ìfàyọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì tí ìlà rẹ̀ kò bá ṣe déédéé mọ́ ti ń tú, ẹ dè é kí ẹ tó sùn.